Lẹ́búlẹ́bú Igi Kì í Ṣe Ohun Àdànù

Nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ la ìtì igi sí pákó, ó fẹ́rẹ̀ tó ìdajì igi náà tí í di àjákù àti lẹ́búlẹ́bú. Ní Òkò Bàbà, ní Èbúté Mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sun òkìtì rẹ̀ létí ọ̀sà, tí èéfín sì ń yọ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu.

Àwọn onímọ̀ ní Ilé Ìwádìí Ọ̀rọ̀ Igbó ní Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954, àti àwọn ti Yunifásítì ìlú náà, ti wádìí bí a ti lè pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì láti fi ṣe pákó ìkọ́lé. Ohun kan ni ó ń dènà: ṣúgà tí ó wà nínú igi kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì dì. Ẹni tí ó bá kàn pò ó bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé pákó rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́, yóò sì máa dá sìmẹ́ńtì lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ lẹ́búlẹ́bú náà, ṣúgà yóò bá omi lọ. Pákó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbiná, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Kò lágbára láti ru òrùlé. Àjà àti ìgànná inú ilé ni ó yẹ fún.

Èyí tí ó bá ṣẹ́kù lè di ohun ìdáná. A ó pò ó mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú agolo kí omi rẹ̀ lè ro jáde, a ó sì sá a títí yóò fi gbẹ. Bí ó bá ṣì tutù, èéfín ni yóò kún ilé ìdáná.