Àsìkò Ló Ń Pa Kọ́kítéèlì Eléso

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kọ́kítéèlì eléso, ìyẹn àdàlù omi èso tútù tí wọ́n ń gbé fún àlejò, ìbáà ní ọtí nínú tàbí kó má ní, kò rí bẹ́ẹ̀. Àsìkò ló ń pa òun. Owó lè ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó tóbi jù lọ́jà, kò lè mú un pọ́n; ó lè ra blẹ́ńdà olówó gọbọi, kò lè dá adùn padà sínú ọsàn tí wọ́n ti fún kalẹ̀ láti àná. Oṣù tí èso so, wákàtí tí ọ̀bẹ kàn án, ìṣẹ́jú tí yìnyín bọ́ sínú rẹ̀, ibẹ̀ ni ohun mímu náà ti ń dára, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

Oṣù tí ọdún bá bọ́ sí ló yẹ kó yan èso. Kérésìmesì àti ọdún tuntun máa ń bá ọsàn àti agbálùmọ̀ lọ́jà. Ọdún Àjíǹde sábà máa ń bá máńgòrò. Bàrà olómi, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Òkè Ọya wá, kì í wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iléyá ní tirẹ̀ kò dúró sójú kan, nítorí òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Ohun tó bá wà nílẹ̀ lọ́dún náà ni kí wọ́n lò. Ẹni tó bá ń wá máńgòrò kiri nínú oṣù Kejìlá yóò sanwó ńlá lórí èyí tí kò ní òórùn kankan.

Òórùn yìí ṣe pàtàkì, torí imú mọ èso tó pọ́n ju ojú lọ. Ìdí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n máa ń ta sánsán. Bàrà olómi tó gbó máa ń wúwo lọ́wọ́, ibi tó fi lélẹ̀ lóko yóò sì ti pọ́n rúsúrúsú. Ojú máa ń tan ni jẹ níbi ọsàn: ti ilẹ̀ wa lè dùn bí oyin kí èèpo rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí òtútù òru ló ń mú èèpo ọsàn pọ́n ní ìlú òyìnbó, òtútù bẹ́ẹ̀ kò sì sí níbí. Máńgòrò tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó bá pọ́n bákan náà káàkiri, tó le, tí kò rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kábáídì ni wọ́n fi mú un pọ́n. Àjọ NAFDAC ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí kábáídì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè ní májèlé àsẹ́níìkì nínú.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àlejò ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó da ohun mímu pọ̀. Ọtí kò gbọdọ̀ wọ inú abọ́ tí gbogbo ènìyàn yóò ti mu. Abọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àmì sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, kí ọmọdé, aláboyún, awakọ̀ àti Mùsùlùmí má baà ṣèèṣì mu ún. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbi Chapman, tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbé kalẹ̀ bí ohun tí kò ní ọtí. Fáńtà, Spráìtì àti kùkúḿbà kò ní in lóòótọ́, ṣùgbọ́n Angostura bitters tí wọ́n ń kán sí i jẹ́ ọtí ní ìwọ̀n 44.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kán díẹ̀ ni o, àmọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe Iléyá yóò fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó kán an. Ọsàn gírépù náà máa ń bá àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan jà, nítorí náà kò yẹ kó farasin sínú abọ́ tí àwọn àgbàlagbà yóò bù mu. Wọn kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Abọ́ méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Yìnyín, omi ṣúgà àti sóbò ni ohun tí wọ́n lè ṣe sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Omi tí wọ́n ti sè ni kí wọ́n fi ṣe yìnyín, kí ó sì jẹ́ ègé ńlá, torí kéékèèké kì í pẹ́ yọ́ tí yóò fi sọ ohun mímu di omi lásán. Èyí tó tún dára jù ni kí wọ́n fi omi èso fúnra rẹ̀ ṣe yìnyín. Ṣúgà kì í tètè yọ́ nínú ohun tútù. Ife ṣúgà kan àti ife omi kan tí wọ́n gbé kaná títí ó fi yọ́ yóò yanjú ìyẹn. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fọ̀ dáadáa, jíńjà àti kànáfùrù ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ sóbò kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, kó tutù, kó sì wọ firíìjì.

Èso ní tirẹ̀ kì í gba ìkánjú bẹ́ẹ̀. Odindi ni kí wọ́n fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, torí ìdọ̀tí ara èèpo ni ọ̀bẹ ń gbé wọ inú. Àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó ni kí wọ́n tó gé e. Èyí tí wọ́n bá ti gé kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 2 lọ níta, tàbí wákàtí 1 bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àṣejù: ní oṣù Kẹfà 2024, ní sáà Iléyá gan-an, nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó, ohun mímu òfíò tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC wà lára ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fura sí.

Fún ènìyàn 20 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mu ife méjì, bàrà olómi kan tó tó kílò 5, ọ̀pẹ̀ òyìnbó 3, ọsàn 20 àti ọsàn wẹ́wẹ́ 8 yóò mú nǹkan bíi lítà 6 wá. Fífún ni kí wọ́n fún ọsàn. Blẹ́ńdà máa ń lọ kóró àti awọ funfun inú rẹ̀ mọ́ ọn, ohun mímu náà á sì korò. Lẹ́yìn tó bá ti tutù ni kí wọ́n tọ́ ọ wò kí wọ́n tó fi omi ṣúgà sí i, nítorí òtútù máa ń bo adùn. Iyọ̀ ìwọ̀nba tí ìka méjì bù máa ń yọ adùn bàrà olómi síta ju ṣúgà lọ. Ewé efinrin díẹ̀ bá ọ̀pẹ̀ òyìnbó mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Adùn ló ń gbẹ̀yìn ewúro, ṣùgbọ́n ìkorò ló ń gbẹ̀yìn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì. Èròjà kan tí ń jẹ́ bromelain wà nínú èso náà, ó ń já purotéènì inú mílíìkì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, yóò dì, yóò sì korò. Iná ń pa èròjà náà, nítorí náà ọ̀pẹ̀ òyìnbó inú agolo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi àgbọn ni ká fi rọ́pò, tàbí kí mílíìkì dúró títí di ìgbà tí wọ́n bá ń bù ú fún àlejò.

Agbálùmọ̀ ló gba sùúrù jù. Ẹran ara kóró rẹ̀ ni kí wọ́n ha, kí wọ́n má ha dé èèpo, torí oje tó ń lẹ̀ mọ́ ètè pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ omi tútù, wọ́n á sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi omi ṣúgà àti jíńjà sí i. Kíkan rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọsàn wẹ́wẹ́, kò sì sí ohun mímu inú ìgò tó lè ṣe bíi tirẹ̀.

Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló kẹ́yìn. Ìgbà tí àlejò bá ti jókòó ni wọ́n ń dà á, díẹ̀díẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ife, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má sá lọ. Ápù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ létí ife yóò ti gba omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí wọ́n má baà dúdú. Nígbà tí àlejò bá lọ tán, èyí tó ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sán di dídànù. Èyí tí kò kúrò nínú firíìjì lè wọ fírísà, kó di yìnyín ìnáwó mìíràn.