Ìdúróṣinṣin Kì í Ṣe Líle: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tó Ń Fi Sitabiláísà Ẹ̀yìn Sọ́kọ̀

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù, ẹ fetí sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ máa ń ra sitabiláísà ẹ̀yìn tó nípọn ju èyí tó bá ọkọ̀ wọn wá láti ilé iṣẹ́ lọ. Wọ́n á rà á tán, wọ́n á pè yín wá sílé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ bá àwọn fi í sí nínú ọgbà. Iṣẹ́ náà kò le lójú: ẹ tú bọ́ọ̀tì bíi mélòó kan, ẹ tú lìnkéèjì méjì, ẹ fa ti àtijọ́ jáde, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́. Nítorí pé kò le lójú yìí gan-an ni mo ṣe ń kìlọ̀. Ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn yẹn ló máa pinnu ibi tí ìdí ọkọ̀ yóò gbà lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà lábẹ́ òjò. Ìdúróṣinṣin la ń wá fún ọkọ̀, kì í ṣe líle.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ọ̀pá irin tí à ń pè ní sitabiláísà yìí ń ṣe. Àárín rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀ṣì rọ́bà méjì tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Orí rẹ̀ méjèèjì ni lìnkéèjì mú mọ́ apá irin tó gbé táyà. Bí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọkọ̀ gun bọ́ǹpù, ọ̀pá náà kàn ń yí nínú bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni, kò tako ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ya kọ́nà, tí ara rẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà kan á wọlé sókè, ìkejì á sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá náà á sì lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Agbára tó fi ń kọ̀ láti lọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró kó má fì jù.

Ẹ wo ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wa táyà iwájú, irú bíi Honda Accord 2003 tí gbogbo wa ń pè ní End of Discussion. Àwọn tó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dìídì ṣe é pé bí eré bá pọ̀ jù ní kọ́nà, imú ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ máa yọ̀ síta. Ẹ̀rù á ba awakọ̀, á dín eré kù, imú ọkọ̀ á sì padà sípò. Bó bá jẹ́ ìdí ló kọ́kọ́ yọ̀, dídín tó dín eré kù lójijì yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí ìdí náà yọ̀ sí i, títí ọkọ̀ á fi kọjú síbi tó ti ń bọ̀. Bẹ́ ẹ bá wá fi ọ̀pá tó nípọn sẹ́yìn, ẹ̀yìn á máa gba ìpín tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú ẹrù tó ń ti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Táyà iwájú á dilẹ̀ mú dáadáa sí i, ọkọ̀ á sì máa yà wéré bí awakọ̀ bá ti yí ọwọ́. Ohun tí wọ́n ń san owó fún nìyẹn. Ẹ má gbàgbé pé ara agbára tí táyà ẹ̀yìn fi ń dilẹ̀ mú la ti yọ ọ́.

Ẹ má fojú kéré mílímítà kan tàbí méjì. Bí ọ̀pá kò bá ní ihò nínú, tí gígùn àti ìrísí rẹ̀ kò yí padà, agbára rẹ̀ ń bá ìwọ̀n nínípọn rẹ̀ tá a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lọ́nà mẹ́rin lọ ni. Ẹ fi 16 sọ 16 di púpọ̀ títí yóò fi pé mẹ́rin, 65,536 lẹ máa rí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 18, 104,976 ni. Ẹ ṣe é fún 20, ó di 160,000. Ìyẹn ni pé ẹni tó yọ ọ̀pá 16 mm tó fi 18 mm sí ti fi ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára rẹ̀, ẹni tó sì fi 20 mm sí ti sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ó lé. Torí náà, ẹ mú kálípà dání kẹ́ ẹ wọn ọ̀pá àtijọ́ àti tuntun kẹ́ ẹ tó tú bọ́ọ̀tì kankan. Ìyàtọ̀ mílímítà méjì tó fún ọkọ̀ tí ń rin títì wa. Ohun mìíràn ni pé ọ̀pá tó le jù máa ń fa ibi tí wọ́n dè é mọ́. Lára Honda Civic àwọn ọdún 1990, ọ̀pá tó nípọn ti ya irin abẹ́ ọkọ̀ níbi tí bọ́ọ̀tì gbà wọlé, títí àwọn tó ń ta ọ̀pá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ìtìlẹ́yìn kún un. Ẹ tan iná síbẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, tàbí tẹ́ ẹ rí ibi tó ti sán, wẹ́dà ni iṣẹ́ kàn, kò tíì kan yín.

Títì wa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí táyà kan bá já sí kòtò, ọ̀pá tó so ó mọ́ èkejì á gbé ìgbọ̀nrìrì náà kọjá sódì kejì. Bí ọ̀pá bá ṣe nípọn tó ni ìgbọ̀nrìrì náà á ṣe pọ̀ tó. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó ni ọkọ̀ kó tó sanwó.

Ẹ yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò tinútẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó gba iṣẹ́ náà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti ń da ọ́ìlì, bí bọ́ọ̀ṣì bá ti sán, bí lìnkéèjì bá ń ró kò-kò-kò, sitabiláísà tuntun kò ní wò wọ́n sàn. Ẹ tún ìwọ̀nyẹn ṣe ná. Ẹ wo táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó bá dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi sí.

Ó wá kan gbígbé ọkọ̀ sókè, ibi tí ẹ̀mí wà. Háńdì-bíréèkì tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, táyà ẹ̀yìn ló ń dì mú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti gbé ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kò sí ohun tó ń dì mú mọ́. Ẹ wá ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó le. Ẹ fi igi tàbí òkúta tó wúwo há táyà iwájú méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ́tò, ẹ fi sí P. Bó bá jẹ́ mánúwà, ẹ fi sí gíà. Jáàkì wà fún gbígbé, axle stand ló wà fún ìdádúró. Ẹ má fi bílọ́ọ̀kù gbé ọkọ̀ dúró láé, torí bílọ́ọ̀kù máa ń fọ́ lójijì láìṣe ìkìlọ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ táyà, ẹ tì í sábẹ́ ọkọ̀, kó wà níbẹ̀. Ẹ fọwọ́ mi ọkọ̀ náà dáadáa kẹ́ ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan wọ abẹ́ ọkọ̀ nílé láìsí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ gbé ọ̀tún àti òsì sókè bákan náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ga ju èkejì lọ, ọ̀pá ti lọ́ nìyẹn. Bọ́ọ̀tì kò ní jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, bó bá sì jáde, ọ̀pá lè ta síni lójú. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ yìí. Kẹ́ ẹ ti fi ọ́ìlì tí ń tú ìpẹtà wọ́n ojú bọ́ọ̀tì láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́. Bí nọ́ọ̀tì lìnkéèjì bá ń yí tí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ náà ń bá a yí, ẹ wo orí rẹ̀: ihò kékeré wà níbẹ̀ tí a ń ki Allen key bọ̀, tàbí ibi pẹrẹsẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí súpánà ń mú. Ẹ di ibẹ̀ mú, kẹ́ ẹ tú nọ́ọ̀tì. Ẹ má sáré gbé iná wẹ́dà. Rọ́bà àti gírísì wà nítòsí, táǹkì epo náà kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí sàlẹ́ńsà tutù, torí ẹ lè ní láti já a kúrò lára rọ́bà tó gbé e kọ́ kí ọ̀pá tó lè kọjá.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi tuntun sí, ẹ wo irú bọ́ọ̀ṣì tó bá a wá. Bó bá jẹ́ polyurethane, ẹ fi gírísì sílíkóònù kùn ún nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dún fíìn-fíìn lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ rọ́bà lásán, ẹ má fi gírísì tá a fi ń pa bẹ́árìn kàn án. Ó máa ń mú kí rọ́bà wú kó sì rà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí gbogbo bọ́ọ̀tì wọlé. Ẹ fi téèpù wọn ọ̀tún àti òsì kí ọ̀pá wà láàárín gan-an. Bí orí ọ̀pá bá ní ihò méjì tàbí mẹ́ta, ihò tó súnmọ́ ṣóńṣó orí jù ló rọ̀ jù, èyí tó súnmọ́ kọ́nà ọ̀pá ló le jù. Ihò tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ ihò kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tan iná wò ó: ṣé ọ̀pá kò kan páìpù rọ́bà bíréèkì, wáyà ABS, wáyà háńdì-bíréèkì tàbí sàlẹ́ńsà? Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Páìpù rọ́bà bíréèkì tí irin ń ha, ọjọ́ kan ló máa bẹ́.

Ẹ lo torque wrench, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà nínú ìwé ọkọ̀ tàbí ìwé tó bá ọ̀pá wá. Bọ́ọ̀tì 8 mm tí orí rẹ̀ gba súpánà 12 kò lè gba agbára tí bọ́ọ̀tì 10 mm tí orí rẹ̀ gba 14 ń gbà. Fún bọ́ọ̀tì 8 mm tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, nǹkan bíi 25 Nm ti tó. Ẹni tó bá fi páìpù mú súpánà gùn á já bọ́ọ̀tì náà. Nọ́ọ̀tì tó ní òrùka ọ̀rá nínú, ẹ má lo ti àtijọ́ padà. Bí lìnkéèjì bá jẹ́ èyí tí bọ́ọ̀tì gba inú rọ́bà kọjá, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà lórí táyà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un le.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wà á, lórí títì gbígbẹ tí kò ní èrò, pẹ̀lú eré díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ariwo. Ẹ ní kí oníọkọ̀ padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà kẹ́ ẹ tún yẹ bọ́ọ̀tì wò. Ẹ sọ fún un ní gbangba pé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀, kó rọra ní kọ́nà bí òjò bá ń rọ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ìyàwó àti ọmọ ń wọ̀, ẹ rọ̀ ọ́ kó má kúrò lórí ihò tó rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí ra axle stand méjì àti torque wrench kan. Títí dìgbà tí wọ́n bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má gba iṣẹ́ sitabiláísà ẹnikẹ́ni.