Ẹ̀kọ́ Kòṣeémánìí

Ìbéèrè kan ni a gbé ka iwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí nínú ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí: Kí ni ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ kan jáde láìmọ̀? Ó rọrùn láti bi í, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti dá iyàn ńlá sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn kan gbà pé irú ohun bẹ́ẹ̀ mbẹ, pé ó ṣeé tò lẹ́sẹẹsẹ, àti pé gbogbo ọmọ, ìbáà ṣe ti ọlọ́rọ̀ tàbí ti tálákà, ni ó yẹ kí a fi kọ́. Ìlànà wọn ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní essentialism. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ẹ̀kọ́ kòṣeémánìí.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ìlànà yìí jùlọ ni William Chandler Bagley, tí a bí ní ìlú Detroit ní ọdún 1874, tí ó sì kú ní ọdún 1946. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní kọ́lẹ́jì. Nígbà tí kò rí iṣẹ́ ṣe nídìí rẹ̀, ó lọ ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Michigan, kò sì padà lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún 1917 ó dé Teachers College ti Yunifásítì Columbia ní New York, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ẹlòmíràn.

Nínú kọ́lẹ́jì yìí kan náà ni William Heard Kilpatrick wà, ẹni tí ó tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1918 tí òkìkí rẹ̀ kàn ká. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ọmọ bá fi ọkàn ara rẹ̀ pinnu láti ṣe ni ó ń kọ́ ọmọ jùlọ. Bí àpẹẹrẹ, bí ó bá wu àwọn ọmọ láti sin adìẹ, kí wọ́n sìn ín: kíka ẹyin di ìṣirò, kíkọ ìròyìn adìẹ sílẹ̀ sì di àròkọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, òótọ́ sì mbẹ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ti kọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà rí kò ní jiyàn. Bagley pàápàá kò jiyàn rẹ̀ ní ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí ohun tí ó wu ọmọ di ọ̀gá lórí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo. Ọmọ wo ni yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ yóò máa fà sí pínpín ìdá?

Ní oṣù kejì ọdún 1938, Bagley àti àwọn díẹ̀ tí èrò wọn bá tirẹ̀ mu péjọ ní Atlantic City, ìwé tí ó kọ láti fi ìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀ sì jáde ní oṣù kẹrin. Ó wí nínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ti dé ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì láìlè kàwé dáradára, tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti dá kíláàsì ìwé kíkà sílẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀. Pé a ti ń fojú tín-ín-rín ẹ̀kọ́ tí ó ní ètò, èyí tí apá kan rẹ̀ ń gbé òmíràn ró. Ó sì wí pé ìfẹ́ sí ẹ̀kọ́ kì í ṣáájú làálàá nígbà gbogbo. Lẹ́yìn làálàá ni ó máa ń dé nígbà púpọ̀. Ilé onílù mọ èyí kí a tó bí Bagley. A kì í gbé ìyáàlù fún ọmọ àyàn ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wù ú. Omele ni yóò máa lù lẹ́yìn àgbà, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí etí rẹ̀ yóò sì là.

Nítorí ọ̀rọ̀ làálàá yìí ni àwọn kan ṣe rò pé ẹ̀kọ́ kòṣeémánìí kò ju pàṣán àti àkọ́sórí lọ. Wọn kò kà á jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1917 àti 1918, nígbà tí wọ́n fi ìdánwò ọgbọ́n orí dán àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó lé ní 1,700,000 wò. Lẹ́yìn ogun náà, àwọn kan mú èsì ìdánwò yìí, wọ́n ní ọgbọ́n jẹ́ ohun àbínibí tí ẹ̀kọ́ kò lè fi kún. Nítorí náà, kí a ya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ ní kékeré, kí a má fi ìwé gidi dààmú èyí tí kò mọ́ lórí. Bagley ni ó dìde sí wọn. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1925, Determinism in Education, ó fi hàn pé ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe dáradára nínú ìdánwò náà. Èyí ni mo kà sí ọkàn ọ̀rọ̀ gbogbo. Ọmọ tí ìwé kún ilé bàbá rẹ̀ yóò ṣa ìmọ̀ díẹ̀ bí ilé ẹ̀kọ́ tilẹ̀ ń ṣeré. Ọmọ tí kò ní ìwé nílé kò ní ibòmíràn tí yóò ti rí i.

Ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú pé ní ọdún 1938 yẹn kan náà, John Dewey, tí àwọn ará Kilpatrick ń pè ní bàbá wọn, kọ ìwé kékeré kan, Experience and Education, nínú èyí tí ó bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ wí pé wọ́n ti da ètò ẹ̀kọ́ nù pọ̀ mọ́ ìnira rẹ̀.

Ìjà náà kò tán nígbà tí Bagley kú. Lẹ́yìn ọdún 1970, E. D. Hirsch ti Yunifásítì Virginia dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́jì kan wò ní ìlú Richmond. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ adúláwọ̀. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí ó dá lórí ìbárẹ́, wọ́n sì yé e dáradára. Nígbà tí ó fún wọn ní èyí tí ó sọ bí Ọ̀gágun Lee ṣe túúbá fún Ọ̀gágun Grant ní ọdún 1865, ó dàrú mọ́ wọn lójú, bẹ́ẹ̀ ni Richmond yìí gan-an ni ó jẹ́ olú ìlú fún àwọn tí Lee ń jà fún. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí wọ́n ń kà nípa rẹ̀ ni wọn kò mọ̀. Ẹ fi ayò wé e. Bí a bá kọ ọ́ pé, “Ọ̀ta kó odù, ọ̀pẹ̀ kò rí ọmọ ayò ta mọ́,” ẹni tí kò dé ìdí ọpọ́n rí lè pe gbogbo rẹ̀ láìṣì, kò sì ní mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá mú ìtàn àti ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé kúrò kí àyè lè gba ìwé kíkà, ìwé kíkà náà ni ó ń ṣe lára.

Ibi tí Hirsch gbé fẹsẹ̀ kọ ni pé ní ọdún 1987 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó to nǹkan bí 5,000 orúkọ àti ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ìwọ̀nyí ni ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mọ̀. Kíá ni àwọn ènìyàn bi í pé, “Ta ni ó yan ìwọ? Èéṣe tí ó fi jẹ́ pé ti àwọn aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù níbẹ̀?” Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó bá ní agbára láti yàn lè pe ohun ìní bàbá tirẹ̀ ní kòṣeémánìí, kí ó sì fi ti ẹlòmíràn sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà gbé kan àwa ọmọ Yorùbá. Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹni tí ó ka igbá sí ẹ̀kọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Wọn kò pe ara wọn ní ọmọ ẹ̀yìn Bagley, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ni iṣẹ́ tí wọ́n dì mú: èdè Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà. Ẹgbẹ́ kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún 6, tí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ kejì fi Yorùbá kọ́ ọ fún ọdún 3, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé ẹ̀kọ́ yòókù. Nígbà tí a wọn iṣẹ́ wọn, ẹgbẹ́ kìíní kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta ẹgbẹ́ kejì yọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ìdánwò náà parí ní ọdún 1978. Ó ṣe ni láàánú pé ilé ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé e kò tó nǹkan.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́, kí ó mú ìwé ìṣirò kíláàsì rẹ̀, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí iṣẹ́ ọdún tí ń bọ̀ dúró lé lórí. Ìsọdipúpọ̀ yóò ní ìlà, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò lè mú ìdá kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Lẹ́yìn èyí, kí ó bi ọmọ mẹ́ta tí ó jókòó sẹ́yìn jùlọ ní kíláàsì léèrè àwọn ohun tí ó fa ìlà sí wọ̀nyí, ní èdè Yorùbá, kí ó sì kọ èyí tí wọn kò mọ̀ sílẹ̀ kí ó tó ṣí orí ìwé tí ó kàn.