Katakata oníbátìrì tí kò pẹ́ lọ́jà

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fi katakata Elec-Trak àtijọ́ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ká máa fi gé koríko àgbàlá. Kò ṣiṣẹ́. Ṣé ó ti kú nìyẹn? — Òǹkàwé, GRA, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bátìrì nìkan ló kú.

Ilé-iṣẹ́ General Electric ló ṣe Elec-Trak láàárín 1969 sí 1975. Kì í mu epo. Bátìrì 6 oní-fóltì 6 ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ fóltì 36. Katakata náà wúwo, ó sì wọ́n nígbà náà.

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì. Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú funfun lórí irin rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ nù ún kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ ṣájì í, ṣájà ọkọ̀ oní-fóltì 12 kò bá a mu.

Bátìrì tó bá wú tàbí tó ń jò, ẹ má ṣe ṣájì í. Ẹ pe rewáyà.