Ọmọ Tí Etí Rẹ̀ Ń Ṣọyún

Nígbà tí àwa wà ní kíláàsì kejì, ẹlẹgbẹ́ wa kan wà tí olùkọ́ máa ń nà nítorí pé a pè é, kò dáhùn. Olóríkunkun ni gbogbo wa ń pè é. A kò béèrè ìdí òwú tí ó máa ń wà létí rẹ̀. Etí náà ti ń ṣọyún láti kékeré. Kò gbọ́ ni.

Ẹ̀yin òbí, ihò tóóró kan so ẹ̀yìn imú pọ̀ mọ́ àárín etí. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, nítorí náà kòkòrò àrùn a tètè gba ibẹ̀ wọlé. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ a dá kòkòrò náà mọ̀ bí ó bá padà wá. Ṣùgbọ́n ara àwọn mìíràn kì í pèsè ohun ìjà tí ó tó, kì í sì í rántí ọ̀tá dáadáa. Kòkòrò àná a tún wọlé bí àlejò tuntun. (Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá wọn.)

Ọmú ìyá ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Èéfín sìgá ń pa wọ́n lára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gbà ní Nàìjíríà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ń gbógun ti pneumococcus, ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà. Bí etí bá ń ṣọyún, ẹ má ṣe kán òróró sí i. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò.

Ní ọdún kejì, olùkọ́ mìíràn rí òwú náà, ó sì mú ẹlẹgbẹ́ wa wá sí ìjókòó iwájú.