Ògiri Alámọ̀, Sìmẹ́ǹtì, àti Ohun tí Àwọn Ará Róòmù Mọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ nínú ẹbí wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí báyìí: ṣé kí á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá ìyá mi fi sílẹ̀, àbí kí á má rẹ́ ẹ? Wọ́n ti ń dá owó. Bọ̀ọ̀dá mi àgbà ní sìmẹ́ǹtì ni, torí òun ló le jù. Nígbà tó jẹ́ pé ìmọ̀ nípa ohun ìkọ́lé ni mò ń kà ní yunifásítì, wọ́n ní kí n sọ tèmi. Ohun tí mo sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí, àmọ́ ẹ fara balẹ̀, a máa gba Róòmù kọjá.

Ó gbẹ ni, àbí ó dì?

Ẹ mú amọ̀ pupa ìlú wa, ẹ pò ó mọ́ omi. Àwọn ègé amọ̀ tín-tìn-tín tó rí pẹlẹbẹ á tò lé ara wọn. Tí oòrùn bá fa omi yẹn tán, wọ́n á fún mọ́ra, ògiri á le gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó yí padà nínú amọ̀ náà. Ó kàn gbẹ ni. Tí omi bá tún dé, ó tún di ẹrẹ̀.

Láìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń fi iná tó tó nǹkan bí 900 dígírì jó òkúta ẹfun títí gáàsì CO₂ á fi jáde nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni láìmù. Tí omi bá kàn án, á gbóná, á máa hó. Tí wọ́n bá fi mọ ògiri, á máa fa gáàsì yẹn padà láti inú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí á fi tún di òkúta. Ìyẹn kọjá gbígbẹ, kẹ́mísírì ni.

Àwọn ará Róòmù wá fi nǹkan kún un: eérú òkè ayọnáyèéfín, irú èyí tó wà ní Pozzuoli lẹ́bàá Naples. Níbi tí kò bá sí eérú, wọ́n máa ń lọ àpáàdì kúnná. Silica àti alumina tó wà nínú eérú tàbí amọ̀ jíjó yìí máa ń bá láìmù ṣiṣẹ́, àpòpọ̀ náà á sì le kódà lábẹ́ omi. Òrùlé Pantheon ní Róòmù, tó fẹ̀ tó mítà 43, ṣì wà níbẹ̀ láti bí ọdún 1,900 sẹ́yìn, kò sì sí irin kankan tó gbé e dúró.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?

Wọ́n máa ń gé ègé kékeré nínú ògiri àtijọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí á fi fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ á máa là á kọjá, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ maikirosíkóòpù wò ó. Wọ́n tún máa ń ta x-ray sí i kí wọ́n lè mọ àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2017, Marie Jackson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi òkun tó ń wọ inú èbúté àwọn ará Róòmù ló ń mú kí àwọn òkúta tuntun hù nínú ògiri náà. Ní ọdún 2023, Admir Masic ti MIT àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo àwọn kókó funfun láìmù tí àwọn èèyàn ti rò tẹ́lẹ̀ pé àìpò dáadáa ló fà á. Wọ́n ní tí ògiri bá sán, tí omi wọlé, láìmù inú kókó yẹn á yọ́, á sì dí ojú sísán náà. Wọ́n dán an wò: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Kí ló dé tí àwọn baba wa ò fi lo láìmù?

Ẹ wo òkè tó yí Òkè-Ìmẹ̀sí ká. Quartzite ni, òkúta líle tí kò ní láìmù nínú. Òkúta ẹfun jìnnà sí wa. Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, wà níbi tó ní irú ilẹ̀ mìíràn pátápátá. Amọ̀ ló wà nílẹ̀ níbí, amọ̀ náà ni wọ́n lò. Wọ́n mọ̀ pé omi ni ọ̀tá rẹ̀, torí náà wọ́n jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa, wọ́n sì ń tún ògiri rẹ́ lóòrèkóòrè.

Sìmẹ́ǹtì wá ńkọ́?

Amọ̀ máa ń wú tí ó bá mu omi, á sún kì tí ó bá gbẹ. Láti ìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́, ó ń mí ni. Sìmẹ́ǹtì ò lè bá a mí, torí náà á sán. Òjò á gba ojú sísán wọlé, omi ilẹ̀ náà á máa gòkè láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rọrùn fún un láti jáde. Iwájú ògiri á máa dán, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kan, sìmẹ́ǹtì á já bọ́ tòun ti amọ̀. Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù: wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tún ọ̀pọ̀ ògiri àtijọ́ ṣe, wọ́n sì tún ń yọ ọ́ kúrò. Ìdí pàtàkì kan tí wọ́n fi ń yẹ àpòpọ̀ àtijọ́ wò nìyẹn: kí wọ́n lè fi ohun tó bá a mu tún un ṣe.

Torí náà, ohun tí mo sọ fún ẹbí mi ni pé kí owó náà kọ́kọ́ lọ sórí pàánù àti gọ́tà. Lẹ́yìn náà, kí á fi amọ̀, yanrìn àti koríko gígé rẹ́ ẹ.

Tí ẹ bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kan ògiri tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Tí ó bá dún bí igbá òfìfo, ó ti ṣí kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó po amọ̀ tuntun, ẹ rọ ilẹ̀ náà sínú ìgò títí á fi dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ mì ín dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Tí amọ̀ bá pọ̀ ju yanrìn lọ, ẹ fi yanrìn kún un, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á sán. Ẹ fi díẹ̀ rẹ́ igun kan, ẹ jẹ́ kí òjò kan pa á, kí ẹ tó ná owó lórí ìyókù.