Bí A Ti Lè Mú Àlejò Mọ Fádèyí

Àlejò tí a bá mú dé Fádèyí yóò kọ́kọ́ rí òpópó Ìkòròdú àti àwọn ọkọ̀ tí ń sáré lórí rẹ̀, yóò sì rò pé òun ti rí àdúgbò náà tán. Ẹ jẹ́ kí a mú un yà sí Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ bí ìsọ̀ ọjà. Bí ó bá bèèrè ohun àtijọ́, kí a fi Gírámà Sùkúù C.M.S. hàn án ní Bàrígà: ọdún 1859 ni a dá a sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ó sì ṣí wá síbẹ̀ ní 1959.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èdè ni yóò la ojú náà. Onídìrí kì í ṣe ẹni tí à ń kí ní “Ẹ kú iṣẹ́” lásán, “Ojú gbooro o!” ni, òun a sì dáhùn pé, “Oòyà á yà á!” Ní ti àwọn atẹ̀wé, àwọn baba wa kò fi ìkíni kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ wọn, “Ẹ kú iṣẹ́” tó wọn.

Níbi tí àwọn baba méjì bá ti ń ta ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, kí àlejò wa dúró, kí ó wí pé, “Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ!” Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò í ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí à ń jẹ. Ìdáhùn rẹ̀ ni, “Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn!” Àwọn méjèèjì ni yóò sì dáhùn, nítorí ta ni yóò gbà pé òun ni ọ̀pẹ? Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín tán, wọn a sún fún un lórí bẹ́ńṣì.